Ọwọ́ kẹta mẹ́kúrì tí ẹ ò kà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, láti ìgbà tí bàbá mi ti máa ń rán mi lọ rà á lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ ní ìdíkọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé, mi ò sì kọ lẹ́tà sí yín rí, àmọ́ ohun tí mo kà lójú ewé sáyẹ́ǹsì yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n mú bírò. Àpilẹ̀kọ yẹn lórí májèlé mẹ́kúrì ni mò ń sọ. Ẹni tó kọ ọ́ gbìyànjú gan-an, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Minamata bó ṣe yẹ, bí iléeṣẹ́ kan ṣe ń da omi ìdọ̀tí sínú òkun ní Jàpáànù láti 1932 títí di 1968, tí ẹja ń gbé mẹ́kúrì mì, táwọn èèyàn ń jẹ ẹja, tí ológbò ń ta gìrì bí ẹni tí wàrápá mú, tó sì wá kan àwọn ọmọ. Gbogbo ìyẹn dáa. Àmọ́ níbi tó ti fẹ́ sọ irú nǹkan tí mẹ́kúrì fúnra ẹ̀ jẹ́, ó kọ ọ́ pé ọwọ́ méjì péré ló ní, pé tó bá ti fi ọ̀kan di kábọ́ọ̀nù mú, tó fi ìkejì di nǹkan mìíràn mú, ó parí nìyẹn, kò tún bá ẹnikẹ́ni ṣe mọ́.

Ibẹ̀ ló ti dùn mí. Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni mí ní Iléṣà níbí, àmọ́ kí n tó di olùkọ́, ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ másítàs mi lókè òkun lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, kírísítálì àwọn nǹkan tí mẹ́kúrì ti so mọ́ kábọ́ọ̀nù, èyí tí wọ́n ń pè ní organomercury, ohun tí mo sì lo ọdún méjì yẹn fún ni ọwọ́ kẹta tí ẹ ní kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí kírísítálì. Kò ju ohun tí gbogbo wa ti rí lọ, iyọ̀ ọbẹ̀, ṣúgà, àlọ́ọ̀mù tí wọ́n ń jù sómi kànga kó lè tòrò, kírísítálì ni gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá mú hóró kan tẹ́ ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé ojú ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, igun ẹ̀ sì mú, torí pé nínú lọ́hùn-ún ńṣe ni wọ́n tò lé ara wọn bí búlọ́ọ̀kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ ibi tó máa jókòó sí, ó mọ ẹni tó máa kẹ̀yìn sí àti ẹni tó máa dojú kọ. Ní 1912 ni Max von Laue àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Jámánì fi hàn pé tí X-ray bá gba inú kírísítálì kọjá, ó máa ń fọ́n ká sí àmì tótòtó tó ní ètò, nígbà tó fi máa di 1913 àwọn Bragg, bàbá àtọmọ, ti ń ka àmì yẹn padà sí ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan jókòó sí, wọ́n sì fún àwọn méjèèjì ní Nobel ní 1915, ọmọ ọdún 25 péré lọmọ nígbà yẹn.

Ohun tá a máa ń wọ̀n ni àlàfo láàárín átọ́ọ̀mù kan àti èkejì. Å la fi ń wọ̀n ọ́n, tẹ́ ẹ bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù mẹ́wàá, ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹ̀ nìyẹn. Tí mẹ́kúrì bá so mọ́ kábọ́ọ̀nù, àlàfo wọn máa ń jẹ́ bíi 2.1 Å, ní ẹ̀gbẹ́ kejì ó lè so mọ́ kílórínì tàbí imí ọjọ́ tàbí kábọ́ọ̀nù mìíràn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wá tọ́ bí ọfà, igun tó wà láàárín wọn á sún mọ́ 180. Èyí ni òǹkọ̀wé yín rí tó fi ní ọwọ́ méjì, kò sì parọ́ níbẹ̀, ìdè gidi méjì ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wá wo ìbàdí ọfà yẹn, níbi tí mẹ́kúrì fúnra ẹ̀ wà. Ní 2.8 Å, tàbí 3.0, tàbí 3.2, ẹ máa bá átọ́ọ̀mù mìíràn níbẹ̀, bóyá ọ́síjìn, bóyá náítírójìn, bóyá kílórínì tó jẹ́ ti mólékù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tó kọjú sí mẹ́kúrì tí ò kúrò níbẹ̀. Kò sún mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n jọ so yìgì, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà bí àjèjì. Ṣé ẹ mọ aládùúgbò yẹn tí kì í ṣe ẹbí, àmọ́ tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀ lẹ máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí tẹ́ ẹ bá ń rìnrìn àjò? Òun gan-an nìyẹn. Ìfarakínra lèmi máa ń pè é fáwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n sì máa ń mọ ohun tí mò ń sọ.

Kì í ṣe èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hú u jáde. Láti 1965 ni Drago Grdenić ní Zagreb ti kọ ọ́ pé ká máa ka àwọn tó yí mẹ́kúrì ká lọ́nà méjì, ká kọ́kọ́ ka àwọn tó dì mú gírígírí, ká sì wá ka àwọn yẹn pọ̀ mọ́ àwọn tó kàn sún mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ kí àjèjì sún mọ́ni lọ. Ní 1972 Nathaniel Alcock ní England fún irú ìdè bẹ́ẹ̀ lórúkọ tí gbogbo ayé ń pè é dòní, secondary bonding, kì í sì í ṣe mẹ́kúrì nìkan ló ń ṣe é, àwọn míì tó wúwo bí áyódínì náà ń ṣe é. Ti mẹ́kúrì le díẹ̀ ṣáá ni, torí bó ṣe wúwo tó. Prótọ́ọ̀nù 80 ló wà láàárín ẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó sún mọ́ àárín jù ń sáré tó ju ìdajì eré ìmọ́lẹ̀ lọ, eré yẹn ló sì ń fa àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ẹ̀ tó wà lóde pátápátá, tí wọ́n ń pè ní 6s, wọlé tí wọ́n fi rọ̀ mọ́ ọn. Ohun kan náà yìí ló jẹ́ kí mẹ́kúrì máa ṣàn bí omi nígbà tí góòlù tó jókòó tì í lórí tábìlì ẹ́límẹ́ǹtì le koránkorán. Òun náà ló fà á tó fi ń fi gbogbo agbára di méjì mú, tó wá ń fi ìka na àwọn yòókù.

Ó yẹ kí n sọ bí èmi náà ṣe mọ̀ ọ́n, torí pé ibi tí òǹkọ̀wé yín ṣubú sí lèmi náà ti kọ́kọ́ ṣubú. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wá kírísítálì mi àkọ́kọ́. Phenyl, ìyẹn òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà, ni ní apá kan mẹ́kúrì, imí ọjọ́ ní apá kejì, ọ́síjìn wà níbi ìdí mólékù náà lọ́hùn-ún. Mo máa yọ́ ọ sínú ìgò kékeré, mo máa rọra fi òwú bo ẹnu ẹ̀, mo máa gbé e sí ibi tẹ́nikẹ́ni ò ní gbá a, lọ́jọ́ kejì ìyẹ̀fun lásán ni mo máa bá níbẹ̀. Ìgbà tó yá mo dé láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan mo rí àwọn nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán ní ìsàlẹ̀ ìgò, funfun, gígùn bí abẹ́rẹ́, mi ò lè sọ bínú mi ṣe dùn tó. Mo wọ ìbọ̀wọ́ oríṣi méjì léra (nǹkan organomercury ni o, wọn kì í fi ṣeré), mo fi òróró díẹ̀ gbé ọ̀kan lábẹ́ máíkírósíkópù, mo fi okùn rọ́bà kékeré tí ò tó ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ gbá a mú, mo sì gbé e sójú ẹ̀rọ níbi tí náítírójìn tútù ti ń fẹ́ lé e lórí, ní nǹkan bí 173 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Nígbà tí èsì jáde, mẹ́kúrì ló kọ́kọ́ yọ. Òun ló máa ń kọ́kọ́ yọ, torí pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 80 ló ní, ọ́síjìn ní 8, háídírójìn ní ọ̀kan ṣoṣo, wíwá háídírójìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́kúrì dà bí kéèyàn máa wá àtùpà ẹlẹ́pọ lábẹ́ iná títì. Mo ṣí i nínú ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń wo irú nǹkan báyìí, Mercury lorúkọ ètò yẹn náà, kì í ṣe pé mo ṣì í kọ. Tí mólékù méjì bá sún mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, ètò yẹn máa ń fi ìlà kéékèèké tó já síra hàn wọ́n, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, mólékù kejì á sì yọ. Mo ní kó fi hàn mí. Kò fi ìlà kankan hàn níbi mẹ́kúrì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé mẹ́kúrì ní ìdè méjì, kò sí nǹkan mìíràn nítòsí, mo sì ń palẹ̀ mọ́.

Ìyá kan wà ní láàbù yẹn tó ń bójú tó ẹ̀rọ, ó ti dàgbà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo ìwé mi láti ẹ̀yìn, ó ní ta ló sọ fún ẹ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo ní kọ̀ǹpútà ni, mà. Ó ní kọ̀ǹpútà ń lo rédíọ́ọ̀sì ta ni? Mi ò mọ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè ni. Ó fa àga, ó jókòó tì mí, ó ní kí n wọ̀n ọ́n fúnra mi láti mẹ́kúrì dé ọ́síjìn mólékù kejì. Ó jẹ́ 3.15 Å.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ mi wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé átọ́ọ̀mù méjì sún mọ́ra ju àjèjì lọ? Ẹ máa mú ìwọ̀n tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan fi ń gba àyè fún ara ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní rédíọ́ọ̀sì van der Waals, ẹ máa ro méjèèjì pọ̀, tí àlàfo tẹ́ ẹ wọ̀n bá kéré sí i, ìfarakínra wà. Ó dà bí ẹni pé ó rọrùn. Àmọ́ ti mẹ́kúrì, àwọn àgbà ò fẹnu kò. Bondi ní 1964 sọ pé 1.55 Å ni, òun lètò kọ̀ǹpútà yẹn sì ń tẹ̀ lé, ọ́síjìn ní 1.52, àpapọ̀ jẹ́ 3.07, tèmi tó jẹ́ 3.15 ti kọjá ẹ̀, ló fi dákẹ́. Canty àti Deacon ní Ọsirélíà wá wo ọ̀pọ̀ kírísítálì organomercury ní 1980, wọ́n ní rárá, 1.73 ló yẹ kó jẹ́, ìyẹn sọ ààlà di 3.25, ọ́síjìn mi sì ti wọlé. Ní 2013 Santiago Alvarez ní Barcelona tún kó àìmọye kírísítálì jọ, ó sì gbé ti mẹ́kúrì dé 2.45, tẹ́ ẹ bá fi 1.50 tó fún ọ́síjìn kún un, ààlà ti di 3.95 nìyẹn, afẹ́fẹ́ nìkan ló kù tí ò ní wọlé. Kírísítálì kan náà, ọ́síjìn kan náà, ibi tó wà lánàá ló wà lónìí. Ẹni tó mú ìwọ̀n lọ́wọ́ ló yàtọ̀. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi ń bínú sí "ó parí nìyẹn" tí wọ́n kọ? Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ gba gbogbo 3.95 wọlé o. Èmi fara mọ́ 1.73, mo sì mọ̀ pé ìgbà míì wà tí mólékù méjì sún mọ́ra torí pé àwọn yòókù ló fún wọn pọ̀, bí èrò inú dáńfó, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe àlàfo nìkan là ń wò. Ẹ wo ọ̀nà tó gbà wá, ṣé láti ìbàdí ló ti wọlé, ní nǹkan bí igun 90 sí ọfà yẹn, àbí ó kàn gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lọ. Ẹ wo ọfà fúnra ẹ̀, ṣé ó ṣì tọ́. Nínú tèmi, igun tó yẹ kó sún mọ́ 180 ti tẹ̀ wá sí 172, ó tẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọ́síjìn àlejò yẹn, bí ìgbà téèyàn sún fún ẹni tó fẹ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Àjèjì ò lè mú kéèyàn sún. Nígbà tí mo wá ní kí kọ̀ǹpútà fa ìlà yẹn, mólékù kejì yọ, ẹ̀kẹta so mọ́ ọn, ẹ̀kẹrin, wọ́n ń lọ gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn látìbẹ̀rẹ̀ kírísítálì dé òpin ẹ̀, ọ̀nà tí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn sì gbà lọ ni ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ funfun tí mo rí láàárọ̀ Mọ́ńdè gùn sí. Mo fojú ara mi rí i. Ohun tí kọ̀ǹpútà ní kò sí ló gbé gbogbo nǹkan yẹn ró.

Ẹnì kan lè ní ìyẹn kàn mí lójú ẹ̀rọ ni, kí ló kan ẹni tó ń jẹ ẹja. Ó kàn án gan-an ni. Ẹ wo dimethylmercury, mẹ́kúrì pẹ̀lú methyl méjì (kábọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú háídírójìn mẹ́ta ni methyl), ọ̀kan lápá ọ̀tún ọ̀kan lápá òsì. Methyl ò ní ohun tó lè nà sí mẹ́kúrì ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ni kò fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́kúrì tirẹ̀ débi tí òùngbẹ alábàáṣe fi máa gbẹ ẹ́, torí náà àwọn mólékù ẹ̀ ò di ara wọn mú, olómi ni, ó ń hó ní bíi 93 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì ń yára fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ yọ methyl kan, ẹ fi kílórínì rọ́pò ẹ̀, ó di nǹkan líle tí ò ní yọ́ títí á fi dé nǹkan bí 170, torí pé kílórínì eléyìí ń nawọ́ sí mẹ́kúrì tọ̀hún. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan nǹkan wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ má mọ̀ ọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Karen Wetterhahn ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ tó gbọ́n tó sì ṣọ́ra, dimethylmercury díẹ̀ ló kán sí ìbọ̀wọ́ ẹ̀ ní August 1996, ó gba inú rọ́bà ìbọ̀wọ́ wọ ara ẹ̀ lọ, kò pé ọdún kan tó fi kú, ọmọ ọdún 48. Orúkọ ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ pè ní kíláàsì kí n tó sọ ohunkóhun nípa mẹ́kúrì.

Nínú ara èèyàn, imí ọjọ́ tó wà nínú cysteine, ọ̀kan lára àwọn nǹkan tí ara fi ń mọ purotéènì, ni methylmercury máa ń wá lọ. Wọ́n yẹ kírísítálì tí àwọn méjèèjì jọ wà nínú ẹ̀ wò ní Kánádà ní 1975, ọfà yẹn náà ni, kábọ́ọ̀nù, mẹ́kúrì, imí ọjọ́, ó tọ́ dáadáa, àmọ́ ọ́síjìn cysteine náà tún yí orí padà wá fara kan mẹ́kúrì. Wọ́n ní àwọn méjèèjì tó so pọ̀ yìí jọ oúnjẹ kan tí ara mọ̀, ìyẹn methionine, ó sì ń bá ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wọ inú ọpọlọ.

Èyí tó wá wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni ti àwọn kòkòrò bakitéríà. Àwọn bakitéríà kan wà tí mẹ́kúrì ò lè pa, wọ́n ní ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ MerB tó ń já ìdè láàárín kábọ́ọ̀nù àti mẹ́kúrì. Ìdè yẹn le o, ẹ lè gbé organomercury sínú omi, omi ò ní já a. Báwo wá ni kòkòrò tí ojú ò rí ṣe ń já a? Gerard Parkin àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Columbia ní New York wá ṣe nǹkan kan ní 2007 láti fi ṣàpẹẹrẹ ẹ̀, wọ́n fún mẹ́kúrì ní ohun ìdìmú kan tó ní apá imí ọjọ́ mẹ́ta. Nínú kírísítálì, ọ̀kan ṣoṣo nínú apá mẹ́ta yẹn ló di mẹ́kúrì mú, ọfà títọ́ ni, ọwọ́ méjì, gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé yín ṣe wí. Àmọ́ méjì tó kù ò lọ jìnnà, wọ́n dúró tì í, wọ́n lè sún mọ́ ọn nígbàkigbà. Tí imí ọjọ́ kejì àti ìkẹta bá sì ti gbá mẹ́kúrì mú, ọwọ́ ẹ̀ lára kábọ́ọ̀nù máa ń dẹ̀, tí wọ́n bá wá da nǹkan olóòórùn kan tó ní imí ọjọ́ lé e, kábọ́ọ̀nù já bọ́ nínú òtútù yàrá lásán, láìfi iná sí i. Èyí tí wọ́n ní ká má kà yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ kékeré pé mẹ́kúrì ò bá ẹlòmíì ṣe lẹ́yìn méjì ti gba kọ́kọ́rọ́ yẹn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó dàgbà, ó lè jẹ́ ọmọ yẹn ló máa wá ọgbọ́n tí wọ́n á fi fọ mẹ́kúrì kúrò nínú odò wa.

Bẹ́ẹ̀ ni, odò wa. Iléṣà ni mò ń gbé, gbogbo ayé mọ̀ pé wọ́n ń wa góòlù láyìíká wa, káàkiri ayé sì ni àwọn tó ń fọwọ́ wa góòlù ti ń fi mẹ́kúrì kó góòlù jọ, wọ́n á wá fi iná sun mẹ́kúrì lọ. Mo ti rí ìgò ẹ̀ lórí káńtà ṣọ́ọ̀bù kan tí ọmọ ọdún méje bíi mẹ́jọ ń mì ín síwá sẹ́yìn torí pé ó ń dán. Mẹ́kúrì tó bá bọ́ sí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò kì í dúró bẹ́ẹ̀, àwọn bakitéríà kan ló ń sọ ọ́ di methylmercury, ní 2013 ni wọ́n rí jíìnì méjì tí wọ́n fi ń ṣe é, hgcA àti hgcB. Àwọn kan ń so ó, àwọn MerB ń já a, ìdè àti ìfarakínra ni gbogbo ẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ nìkan ló wà níbí. Àwọn kan wà tí wọ́n so mẹ́kúrì mẹ́ta pọ̀ mọ́ òrùka kábọ́ọ̀nù tí fúlóríìnì kún ara ẹ̀, ó rí pẹrẹsẹ bí àwo, fúlóríìnì ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù débi tí mẹ́kúrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń wá ẹni tí wọ́n máa dì mọ́. François Gabbaï ní Texas fi hàn pé bẹ́ńsíìnì, òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà tó wà nínú epo pẹtiróòlù, tí ò ní ọwọ́ kankan tó yọ síta, máa ń jókòó sáàárín àwo méjì bẹ́ẹ̀, àwo, bẹ́ńsíìnì, àwo, bẹ́ńsíìnì, bí ẹni to àkàrà àti búrẹ́dì, àlàfo tó wà láàárín mẹ́kúrì àti kábọ́ọ̀nù bẹ́ńsíìnì sì jẹ́ bíi 3.4 Å. Ó rẹwà. Mo ya àwòrán ẹ̀ sára ògiri kíláàsì mi.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Ẹ bá wa tẹ àtúnṣe sójú ewé yẹn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ pé mẹ́kúrì ní ìdè gidi méjì, ó sì tún máa ń fara kínra pẹ̀lú àwọn tó wà nítòsí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún máa kọ nípa kírísítálì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ nọ́ńbà àlàfo síbẹ̀, kí òǹkàwé fúnra ẹ̀ mọ bó ṣe sún mọ́ra tó, torí rédíọ́ọ̀sì lè yí padà lọ́dún tó ń bọ̀, 3.15 ò ní yí padà. Ẹ tún bá mi sọ fáwọn olùkọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yín pé ọ̀fẹ́ lèèyàn ń wo àwọn kírísítálì yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olga Kennard ló bẹ̀rẹ̀ àkójọ kan ní Cambridge ní 1965, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan láti 2019, Access Structures ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń wò ó, fóònù lásán tó fún un, èèyàn lè yí mólékù ká kó sì wọ̀n àlàfo fúnra ẹ̀. Ètò Mercury yẹn náà ní ti ọ̀fẹ́.

Ọjọ́ Tuesday tó kọjá, mo gbé organomercury kan sójú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi fáwọn ọmọ SS2, mo gbé ìwé ìròyìn yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ní kí wọ́n ka àwọn tó di mẹ́kúrì mú. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn ló wá wọ̀n ọ́n, ó ní Sà, méjì ni o, àmọ́ náítírójìn kan wà níbí ní 3.1, ṣé ká kọ ọ́ ni àbí ká má kọ ọ́, torí ìwé ìròyìn ní kò sí. Mo ní kó kọ ọ́, kó kọ nọ́ńbà ẹ̀ síwájú ẹ̀. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpilẹ̀kọ yín, mo fi bébà yẹn pamọ́, mo ya fọ́tò ẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kẹ́mísìrì kan ní Iléṣà